Ẹ yé fi oògùn kòkòrò pa èkúté nínú yàrá tí ọmọ ń sùn!

Ọ̀rọ̀ òní lè má dùn létí, ẹ ṣáà bá mi gbọ́ ọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yà sílé bàbá kan tí mo máa ń bá yẹ oko wọn wò. Yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn ni wọ́n kó àpò àgbàdo méje sí, èkúté sì ti lu mẹ́ta. Bàbá ní, "Má ṣèyọnu ọmọ mi, mo ti fi tábúlẹ́ẹ̀tì síbẹ̀. Gbogbo wọn ló máa kú lálẹ́ òní." Àyà mi já! Aluminium phosphide ni, èyí tí wọ́n ń fi pa kòkòrò nínú sáìlò. A kó gbogbo ilé jáde, a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì sùn níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. "Ọjà ni mo ti rà á o," ni bàbá ń wí ṣáá.

Tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn, tí afẹ́fẹ́ tó lọ́rinrin bá ti kàn án, gáàsì phosphine ló ń tú jáde. Gáàsì yẹn ò mọ èkúté yàtọ̀ sí ènìyàn. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń balẹ̀ sí, níbi tí ọmọ tó sùn lórí ẹní wà. Ó tún ń gba ihò ògiri lọ sí yàrá kejì. Kò sí oògùn kan pàtó tó ń pa oró rẹ̀. Ẹ má fi epo pupa fàkókò ṣòfò, ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ.

Àwọn kan á ní ọtapiapia làwọn ń fi po ẹja ní tàwọn. Kí ló wá yàtọ̀? Adìyẹ ń jẹ ẹ́, ọmọdé ń mú un. Ológbò tó bá sì jẹ èkúté olóró lè kú. Ẹ ti fọwọ́ ara yín pa ọdẹ ilé nìyẹn.

Mi ò ní kí ẹ máa sin èkúté o. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹ̀ ń fún un lóúnjẹ, ẹ tún ń ra májèlé fún un. Ẹ pa márùn-ún lónìí. Bí àgbàdo bá ṣì ń dà sílẹ̀, mẹ́wàá á tún wọlé. Oyún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni tiẹ̀, ọmọ mẹ́jọ ò sì ṣòro fún un lẹ́ẹ̀kan. Májèlé wo ló fẹ́ yá jùyẹn lọ?

Ẹ kó àgbàdo kúrò nínú yàrá. Ẹ kan àká tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga tó mítà kan, kí ẹ fi páànù ṣe fìlà sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó má lè gùn ún. Inú dúrọ́ọ̀mù onírin tó ní ìdérí ni kí ẹ̀wà àti gààrí wà. Ihò tí àtàǹpàkò bá wọ̀, ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí i, ẹ má fi àkísà dí i. Ẹ̀bá ògiri ni kí ẹ dẹ pàkúté sí, torí ibẹ̀ ló ń gbà kọjá.

Ẹ̀yin tó ń sá gààrí sẹ́bàá títì ńkọ́? Ìtọ̀ èkúté ló ń kó ibà Lassa ranni, àwọn ará Ọ̀wọ̀ ò nílò àlàyé mi lórí ìyẹn. Ẹ má sì gbá ìgbẹ́ rẹ̀ ní gbígbẹ; ẹ da omi oníbílíìṣì sí i kí ẹ tó nù ún.

Ẹ̀yin tó ń já tábúlẹ́ẹ̀tì yìí tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá, láìsí àlàyé kankan, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

Bàbá ti kó àgbàdo jáde. Ó ku páànù ẹsẹ̀ àká, lọ́jọ́ Ẹtì ni mò ń lọ bá wọn kàn án.