Ìtàn Tó Ń Lọ Síwá Sẹ́yìn

"Àǹtí, ẹ gba ìwé yín o. Kò jẹ́ kí n mọ ibi tí mo wà." Báyìí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe dá Holes padà fún mi, ìwé tí Louis Sachar kọ ní 1998. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá Stanley, ọmọkùnrin inú ìwé náà, gbẹ́ ihò nínú oòrùn Texas ni, ìtàn bá gbé e lọ sí 110 ọdún sẹ́yìn, sọ́dọ̀ olùkọ́ obìnrin kan tí kò mọ̀ rí.

Mi ò bá a wí. Ọmọ tó ka ojú ìwé mẹ́fà lónìí, tí iṣẹ́ ilé-ìwé kò jẹ́ kó fojú kan ìwé mọ́ títí di ọjọ́ kẹta, okùn ìtàn á já mọ́ ọn lọ́wọ́. Àlọ́ tí a fi tọ́ àwọn ọmọ wa kì í lọ síwá sẹ́yìn bẹ́ẹ̀: Ìjàpá á gbéra nílé, á dé oko olóko, ọwọ́ á tẹ̀ ẹ́.

Àmọ́ ẹ wo àlùbọ́sà inú ìwé yẹn. Sam, aláwọ̀ dúdú, ló ń tà á láyé ijọ́un. Wọ́n pa á torí pé òun àti olùkọ́ náà, Kate Barlow tó jẹ́ òyìnbó, fẹnu konu. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé, Stanley pọn Zero ọ̀rẹ́ rẹ̀ gun òkè, ó fọwọ́ wa ẹrẹ̀, ó bá àlùbọ́sà níbẹ̀. Ó jẹ ìdajì, ó fún Zero ní ìdajì. Àwọn méjèèjì kò mọ Sam. Àwa tí à ń kàwé la mọ̀ ọ́n. Ká ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé ni Sachar tò ó ni, ikú Sam ì bá ti tutù lọ́kàn wa ká tó dórí òkè.

Chimamanda Adichie náà ṣe irú rẹ̀ nínú Purple Hibiscus ní 2003. Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ ló fi bẹ̀rẹ̀: bàbá kan ju ìwé Mísà, àwọn ère kéékèèké fọ́ yángá. Lẹ́yìn náà ló padà sí ohun tó ṣáájú. Nítorí náà, bí bàbá yẹn bá rẹ́rìn-ín, àyà wa á já. Ṣùgbọ́n Adichie kọ ọ́ sórí ìpín kọ̀ọ̀kan bóyá ọjọ́ náà gan-an ni, ṣáájú rẹ̀ ni, tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Mi ò lè gbèjà òǹkọ̀wé tó da ọjọ́ rú láìfi àmì kankan sílẹ̀, kí ìparí lè ṣàdédé bá òǹkàwé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé fún ọ̀dọ́, ẹ máa padà sẹ́yìn bó bá ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọdún sórí rẹ̀.