Nọ́ọ̀tì Oníkọ́kọ́rọ́: Ta Ni Yóò Sanwó Rẹ̀?

Ẹ̀yin ará wa lẹ́nu iṣẹ́, táyà ọkọ̀ ọ̀kan nínú wa jò ní Ojúẹlẹ́gbà. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin tú, ìkarùn-ún kọ̀. Oníkọ́kọ́rọ́ ni, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sì sí nínú ọkọ̀. Wọ́n fi òòlù àti irin lù ú títí ó fi bàjẹ́. Ọ̀gá ní kí awakọ̀ san án. Àwa kò gbà.

Nítorí olè ni wọ́n ṣe ń fi irú nọ́ọ̀tì yìí sí táyà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló ń dé láìsí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹni tó ra ọkọ̀ ló yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ẹni tí wọ́n gbé e fún.

Bí ó bá ṣe yín, ẹ kọ́kọ́ wá kọ́kọ́rọ́ náà níbi tí sípíà táyà wà. Bí kò bá sí, kí táyà ṣì wà nílẹ̀, ẹ gbá àlòkù sọ́kẹ́ẹ̀tì tó fún díẹ̀ mọ́ nọ́ọ̀tì náà lórí, kí ẹ fi sípánà gígùn tú u. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná sun ún: táyà tó gbóná lè bú gbàmù.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí ilé iṣẹ́ tú gbogbo wọn kúrò kí ọkọ̀ tó jáde, kí wọ́n ra nọ́ọ̀tì lásán ní Ládípọ̀, ní Múṣín, fi rọ́pò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe nìkan fọwọ́ síwèé gbèsè. Ẹ pè wá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.