Àjọ̀dún Festac àti Ilé Olórin

Ẹni tí ó bá gba Mile 2 kọjá lọ sí Àgbádárìgì yóò rí Festac Town ní apá ọ̀tún rẹ̀, ní agbègbè Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí síbẹ̀ ni kò mọ ìdí tí ìlú wọn fi ń jẹ́ orúkọ náà.

Àjọ̀dún ni ó bí i. Ìjọba ológun Nàìjíríà kọ́ ọ kí àwọn àlejò lè rí ibi wọ̀ sí nígbà Àjọ̀dún Kejì ti Iṣẹ́ Ọnà àti Àṣà Àwọn Ènìyàn Dúdú, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní, tí ó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù kejì, ọdún 1977. Èrò wá láti orílẹ̀-èdè tí ó ju 50 lọ. Ìlù dún, ijó gbóná, owó ìlú sì ṣàn bí àgbàrá òjò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá pín àwọn ilé náà fún ará ìlú.

Ṣùgbọ́n olórin kan wà tí kò bá wọn jó. Fẹlá Aníkúlápó Kútì ti wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò àjọ̀dún náà, ó sì yọwọ́, nítorí ọ̀nà tí àwọn ológun gbà ń darí rẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí àjọ̀dún ń lọ lọ́wọ́, ó ń kọrin tirẹ̀ ní gbọ̀ngàn rẹ̀ tí ó pè ní Shrine, àwọn àlejò láti òkèèrè sì ń lọ gbọ́ ọ. Ní ọdún 1976 ni ó ti kọ Zombie, orin tí ó fi sójà wé òkú tí ń rìn, tí kò ní èrò tirẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì, ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn tí àjọ̀dún parí, sójà bí ẹgbẹ̀rún kan yí ilé rẹ̀ ká. Wọ́n lu àwọn ará ilé, wọ́n dáná sun ilé, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, láti ojú fèrèsé òkè. Ẹni ọdún 76 ni ìyá náà. Òun ni ó ṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá nígbà tí wọ́n kọ owó-orí, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní ọdún 1949. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin, ọdún 1978. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn wádìí ọ̀rọ̀ náà, ó ní sójà tí a kò mọ̀ ni ó sun ilé. Ẹgbẹ̀rún sójà, kò sì sí ẹni tí ó dá ọ̀kan mọ̀! Fẹlá pe ẹjọ́, kò jàre.

Àwọn kan yóò wí pé ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi fà á. Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ìwà rẹ̀ ni òbí lè gbàdúrà kí ọmọ òun kọ́: ó ń mu igbó, kò sì sí ẹni tí kò lè bú. Ṣùgbọ́n bí ó bá rú òfin, adájọ́ kò wọ́n ní Èkó. Ìjọba tí ó fi iná dá olórin lóhùn ti jẹ́wọ́ pé òun kò ní èsì.

Èyí tí ó burú jù ni pé ohun tí wọ́n pe ayé wá wò gan-an ni wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní Kétu àti láàrin àwọn Ẹ̀gbádò, òru Ẹ̀fẹ̀ ni ó máa ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní òru náà, Ẹ̀fẹ̀ a bọ́ sí agbo, a fi orin tú àṣírí olè, ti oníṣekúṣe, àti ti ìjòyè tí ń ni ará ìlú lára. Ẹni tí orin bá kàn, ọwọ́ ni yóò fi lẹ́rán. Kò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ akọrin. Ní Ìbàdàn pẹ̀lú, ní ọjọ́ Òkè-Bàdàn, ọmọdé pàápàá a máa fi orin bú àgbà lójú pópó, ilẹ̀ a sì mọ́ láìsí ìjà. Àwọn baba ńlá Yorùbá mọ̀ pé ìlú tí a kò bá ti lè bá ọba wí lójú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọn yóò ti máa gbìmọ̀. Àwọn tí ó ṣètò àjọ̀dún 1977 gbé ijó àti ère jáde fún àlejò, wọ́n gbàgbé ohùn tí ń bá wọn rìn.

Fẹlá kò gbàgbé. Ní ọdún 1979, nígbà tí àwọn ológun fẹ́ gbé ìjọba lé alágbádá lọ́wọ́, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé pósí kan nítorí ìyá rẹ̀, wọ́n gbé e la Èkó já dé Dodan Barracks, níbi tí olórí ìjọba ń gbé, wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà.