Ẹni Tó Bá Fẹ́ Wo Èkó, Kó Sọ̀kalẹ̀ ní Òṣòdì

Bí àwọn tó ń mú àlejò kiri Èkó bá ń ka ibi tó yẹ kí arìnrìn-àjò afẹ́ dé, ohun kan náà ni wọ́n máa ń kà: Nike Art Gallery, igbó ìpamọ́ Lẹ́kí pẹ̀lú afárá òkè igi rẹ̀ tó gùn tó mítà 401, Freedom Park tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n láyé àwọn Òyìnbó amúnisìn, mùsíọ́mù Oníkàn, John Randle Centre, àti Àgbádárìgì fún ẹni tó bá ní àkókò. N ò bá ọ̀kankan jà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tí àlejò náà gbà wọ̀lú. Pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, tí wọ́n ṣí ní 1979, kò jìnnà sí Máfọ̀lúkù àti Ajao Estate rárá. Ẹni tó bá balẹ̀ níbẹ̀ tó ń lọ sí Victoria Island, Òṣòdì ló sábà máa ń gbà kọjá kó tó kọrí sí Gbàgádà àti Third Mainland Bridge. Wọ́n á ti kìlọ̀ fún un pé kó gbé gíláàsì ọkọ̀ sókè. Á rí èrò rẹpẹtẹ, á rí dáńfó tó to lọ bíi yìndìnyìndìn, kó tó béèrè pé ibo nìyí, wọ́n ti kọjá. Èrò tèmi ni pé ibi tí wọ́n ní kó má yà yẹn gan-an ni Èkó wà. Ó yẹ kí Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ wọ ìwé àwọn ibi tí a ń fi han àlejò, kó sì jẹ́ pé a dìídì mú wọn lọ síbẹ̀ ni, pẹ̀lú ẹni tó mọ̀nà tó sì mọ ìtàn.

Àwọn àjèjì kan ti tẹjú mọ́ Òṣòdì tipẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 2000, Rem Koolhaas, ayàwòrán-ilé ọmọ ilẹ̀ Netherlands, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Harvard ń ṣe ìwádìí lórí bí Èkó ṣe ń ṣiṣẹ́. Òṣòdì wà lára ohun tó gbà wọ́n lọ́kàn: ọjà tó tẹ́ lọ sórí irin rélùwéè, tí àwọn oníṣòwò á gbá ẹrù wọn jọ bí ọkọ̀ bá fọn fèrè, tí wọ́n á sì tún un pàtẹ bó bá ti kọjá tán. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé bínú sí iṣẹ́ náà. Wọ́n ní inú hẹlikópítà ló jókòó sí tó ń wo ìlú, kò lè rí ìyà tó ń jẹ ẹni tó wà nílẹ̀. Ẹ̀hónú wọn tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí wíwò láti òkè bá burú, ẹsẹ̀ ló yẹ ká fi rìn ín, kì í ṣe ká dijú. Ẹni tó bá sì rò pé oríta kò lè jẹ́ ohun àwòrántì, kó wo Shibuya ní ìlú Tokyo. Títì tí ènìyàn ń sọdá ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn àlejò sì ń ti òkèèrè wá yà á ní fọ́tò. Ní Marrakech ní ilẹ̀ Mòrókò, gbàgede Jemaa el-Fna kò ní òkè, kò ní òkun. Apàlọ́, onílù àti olóúnjẹ ló kún ibẹ̀, UNESCO sì kéde àṣà ibẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé.

Òṣòdì ní ìtàn tó ju èrò lọ. Orúkọ Òṣòdì Tápà ni àdúgbò náà ń jẹ́, ọmọ ilẹ̀ Tápà tó dàgbà láàfin Èkó, tó di olórí ogun Ọba Kòsọ́kọ́. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní ìparí ọdún 1851 tí Kòsọ́kọ́ sá, ó bá olúwa rẹ̀ lọ sí ìgbèkùn ní Ẹ̀pẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n padà, Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní Erékùṣù Èkó ló ń gbé títí tó fi kú ní 1868. Ẹni tó wá láti ìhà Odò Ọya ló fún àdúgbò tí gbogbo Nàìjíríà ti ń sọ̀kalẹ̀ lónìí lórúkọ; àwọn tó ń wọkọ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́ tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Rélùwéè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Ìddó ní 1896 gba ibẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Rélùwéè kó èrò wá, èrò bí ọjà, ọjà pe mólúè àti dáńfó, àgbèrò sì tẹ̀lé wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, ìjọba Babatunde Fashola wó àwọn ìsọ̀ tó ti gba títì. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, ìjọba Akinwunmi Ambode wó ọjà Owónífáàrí kí wọ́n lè rí àyè kọ́ ibùdókọ̀, ní oṣù kẹrin ọdún 2019 sì ni Ààrẹ Buhari wá ṣí ibùdókọ̀ ńlá mẹ́ta tó wà níbẹ̀ báyìí. Ní 2024, ọkọ̀ ojú irin Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, Òṣòdì sì wà lára àwọn ibùdó rẹ̀. Gbogbo ìjà tó wà láàárín ìjọba Èkó àti ará Èkó lórí ẹni tó ni títì, ojúkò kan ṣoṣo yìí ni èèyàn lè dúró sí kó rí i.

Àlejò tó bá dúró lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ níbẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ á rí ohun tí kò sí nínú mùsíọ́mù. Kọ̀ńdọ́ á so rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà dáńfó, ẹsẹ̀ kan nínú ọkọ̀, èkejì nínú afẹ́fẹ́, á máa ké pe Cele, Ìlasa, Mile 2, á ní kí wọ́n wọlé pẹ̀lú ṣéńjì wọn o. Èrò kan á ké láti ẹ̀yìn pé "Ó wà o!" Ọkọ̀ á dẹwọ́, kò ní dúró; èrò náà á bẹ́ sílẹ̀, á sáré bá ọkọ̀ ní ìṣísẹ̀ méjì kó má baà fẹnu gbálẹ̀, á sì máa bá tirẹ̀ lọ bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.

Ìsọlọ̀ tún ní tirẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ ọjà Aswani, nítòsí ilé-iṣẹ́ aṣọ tó fún ọjà náà lórúkọ. Aṣọ òkìríkà, bàtà, báàgì àti ohun èlò ilé ni wọ́n ń tà, àwọn tó ń rà láti lọ tún tà á ti dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìgbà kan wà tí ilé-iṣẹ́ bíi Aswani àti Afprint ń ṣe aṣọ ní Ìsọlọ̀ níbí, kó tó di pé ìṣòwò aṣọ híhun dẹnu kọlẹ̀ ní Nàìjíríà. Aṣọ tí ará Òyìnbó ti wọ̀ sú ni wọ́n wá ń tú ní òkìtì lábẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ aṣọ. Afinimọ̀nà tó bá lè ṣàlàyé bó ṣe di bẹ́ẹ̀ ti kọ́ àlejò rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ajé Nàìjíríà.

Wọ́n á ní jàgùdà ńkọ́? Jàgùdà wà. Èkó gbọ̀lẹ, ó gbolè, n ò sì ní purọ́ fún àlejò. Ṣùgbọ́n jàgùdà wà ní Rome, ó wà ní Barcelona, ìyẹn ò ní kí wọ́n fi ìlú náà pamọ́. Ìkìlọ̀ ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ń fi ọlọ́pàá sójúde. Àtakò tó wúwo jù lọ́kàn mi ni ti àwọn tó ní a fẹ́ sọ òṣì di eré ìwòran, bí wọ́n ṣe ń kó àlejò lọ wo àdúgbò tálákà ní Rio de Janeiro. Ẹni tó jókòó sínú bọ́ọ̀sì tó ń ya fọ́tò ènìyàn láìtọrọ àyè ń wo òṣì lóòótọ́. Ẹni tó bá ná ọjà, tó san owó, tó bá ìyálọ́jà jiyàn lórí iye, ti di oníbàárà, ìyálọ́jà á sì fi ẹnu rẹ̀ sọ bóyá ó fẹ́ fọ́tò tàbí kò fẹ́. Ní ti àwọn tó ní kí ìjọba kọ́kọ́ tọ́jú onílé kó tó rántí àlejò, kí ni àlejò fẹ́ gan-an? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́, gọ́tà tí kò dí, iná lálẹ́, ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà. Ìyálọ́jà ti ń bèèrè nǹkan wọ̀nyí tipẹ́.

Kò ní gba owó gọbọi. Kí wọ́n ri pátákó kan sí ẹnu ibùdó Red Line, kí wọ́n kọ ìtàn Òṣòdì Tápà sí i ní Yorùbá, Tápà àti Gẹ̀ẹ́sì. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ àti ti Ìsọlọ̀ kọ́ àwọn afinimọ̀nà, kó sì jẹ́ pé àwọn tí wọ́n wó ìsọ̀ wọn ní 2009 àti 2016 ni wọ́n á kọ́kọ́ pè, nítorí ohun tí wọ́n fojú ara wọn rí ni wọ́n á máa sọ. Kí àlejò máa sanwó fún afinimọ̀nà, kó gba rìsíìtì. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ti ń dábàá géètì àti tíkẹ́ẹ̀tì sí ẹnu ọjà Aswani, kí àwọn oníṣòwò má gbà fún un.