Ìbọn Ogun, Ìbọn Ọdẹ: Ta Ni Òfin Ń Bá Wí?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀yin àgbẹ̀ ilẹ̀ Akínyẹlé, Làgelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a lè fi sábẹ́ ahọ́n sọ. Àwọn kan ń béèrè pé kí ló dé tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò fi òfin de AK-47 àti irú ìbọn ogun bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè náà dára. Èsì rẹ̀ ni ó korò: Ilé náà kò ní agbára rẹ̀.

Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ni ó dè é lọ́wọ́. Nínú Àfikún Kejì rẹ̀, ohun ìjà, ọta àti ohun abúgbàù ni nọ́ńbà 2 nínú ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Gómìnà tí a ń pè ní olórí ètò ààbò ìpínlẹ̀ kò lè fún ọdẹ kan ṣoṣo ní àṣẹ ìbọn ogun, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi òfin tirẹ̀ dè é.

Òfin Ìbọn tí a ń lò, ọdún 1959 ni wọ́n ti ṣe é, kí a tó gba òmìnira. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìbọn ogun, Ààrẹ ni ó ń fúnni láṣẹ rẹ̀. Ìbọn ọdẹ ìgbàlódé, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá. Ṣakabùlà tí à ń ki láti ẹnu, òun náà ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Ìpín yìí mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n òfin tí ó de ìdigunjalè àti ìbọn tún da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn tí kò gbàṣẹ mọ́ lọ́wọ́, ìbáà ṣe AK-47, ìbáà ṣe ṣakabùlà baba rẹ̀, lábẹ́ òfin yìí ìyà kan náà ni: ₦20,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì. Àgbẹ̀ tí ń dọdẹ ọ̀yà ní oko ẹ̀gẹ́ àti ajínigbé tí ń lúgọ sẹ́bàá ọ̀nà, ṣé ọgbọọgba ni wọ́n?

A kò gbàgbé Ìgàngán. Ní June 2021, àwọn agbébọn ya wọ ìlú náà lóru, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì dáná sun ààfin. Kí ni ṣakabùlà fẹ́ ṣe níwájú ìbọn tí ń rọ̀jò ọta? Ṣáájú ìgbà náà, ní January 9, 2020, àwọn gómìnà wa ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba àpapọ̀ fi ní kò bófin mu. Ní 2022, olóògbé Rótìmí Akérédolú, gómìnà Oǹdó nígbà náà, béèrè ní gbangba ìdí tí ẹ̀ṣọ́ ìlú Katsina fi ń kọ́ AK-47, tí wọ́n sì fi du Àmọ̀tẹ́kùn. Ìjọba àpapọ̀ ní àwọn kò fún ìpínlẹ̀ kankan láṣẹ.

Ẹ wo Amẹ́ríkà. Ní 1989 ni ìpínlẹ̀ California ti fi òfin de irú ìbọn wọ̀nyí. Ìjọba àpapọ̀ wọn ṣe tirẹ̀ ní 1994. Èyí parí ní 2004, ṣùgbọ́n ti California kò bá a lọ.

Àwọn alátakò yóò ní gómìnà yóò kó ìbọn fún jàǹdùkú. Ẹ̀rù náà kì í ṣe asán. Ojú wa rí ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ jẹ́ kí ilé ẹjọ́ máa ṣọ́ ọ, kí orúkọ gbogbo ìbọn sì wà nínú ìwé.

Ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ìbọn sí ibi tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba àpapọ̀ yóò ti jọ máa ṣòfin. Kí ìyà ìbọn ogun yàtọ̀ sí ti ìbọn ọdẹ. Kí àgbẹ̀ lè gba ìwé àṣẹ ṣakabùlà ní Mọ́níyà, ní Ìyànà Ọ̀fà, ní Ẹ̀gbẹ́dá àti ní Akànrán, láìsí pé ó ń fi ọjọ́ oko wá ọlọ́pàá kiri.

Àtúnṣe yìí ń fẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ní ilé aṣòfin méjèèjì ní Àbújá, àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24. Nítorí náà, ẹ pe aṣòfin yín wá sí ìpàdé, kí ó sọ ibi tí ó dúró sí. Àwọn àgbà Akànrán tí ó mọ ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ọdún 1968 sí 1969 mọ̀ pé ìgbà tí ìjọba dín owó orí kù ni àlàáfíà dé, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n ń yìnbọn. Lónìí, ìbò ni ìbọn wa. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó pa wá lápò.