Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kì í ṣe fún ìnáwó òkú nìkan, ó yẹ kó gbé òwò ró

Bó bá ti di ọ̀sán ọjọ́ Sánńdè l'Ajégúnlẹ̀, kì í pẹ́ kéèyàn tó já lu ìpàdé ọmọ ìlú kan. Àwọn Ìlàjẹ ń ṣe tiwọn, àwọn Urhobo ń ṣe tiwọn, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Ìjọ̀ àti Ìgbò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jókòó níbẹ̀ ló jẹ́ pé òwò kéékèèké tó rọ̀ mọ́ èbúté Apápá ni wọ́n fi ń jẹun. Àwọn kan ń bá oníbàárà gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù, àwọn kan ń ta oúnjẹ fáwọn awakọ̀ tírélà ní Wharf Road, àwọn kan ń lẹ táyà, àwọn mìíràn sì ní ìsọ̀ ní Boundary.

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo wọn bi ara wọn ni pé, kí ni owó tí wọ́n ń dá lóṣooṣù ń ṣe fún òwò wọn? Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ìdáhùn rẹ̀ kò le. Owó náà ń sin òkú, ó ń kó ọmọ jáde, ó ń ra aṣọ ẹgbẹ́jọdá, ó sì ń ṣe àríyá ìparí ọdún. Kò sẹ́ni tó máa ní ìyẹn burú, torí ẹni tí kò léèyàn lájò, ìyà ló máa jẹ ẹ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹrù ọmọ ẹgbẹ́ bá há sí wọ́ọ̀fù, tí owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ká a, ọ̀dọ̀ olówó èlé ló ń sáré lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ti ń ṣẹgbẹ́ ọmọ ìlú bọ̀ láyé ọjọ́un fi owó wọn ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó ń ṣòwò l'Ékòó dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀. Wọ́n ṣèrànwọ́ káwọn jagunjagun ilé lè rí ìbọn ìgbàlódé lò, títí tí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní September 1886.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ kúrò ní ti ìbọn, ó di ti ìwé. Ọdún 1931 ni Urhobo Progress Union bẹ̀rẹ̀. Mukoro Mowoe, oníṣòwò pàtàkì ní Warri, ló wà lára àwọn tó darí rẹ̀, ẹgbẹ́ náà ló sì dá Urhobo College sílẹ̀. Lọ́dún 1938, ẹgbẹ́ àwọn Ibibio dáwó rán ọmọ mẹ́fà lọ kàwé lókè òkun. Lọ́dún 1943, ẹgbẹ́ ọmọ bíbí Ọ̀fà, ìyẹn Offa Descendants' Union, dá Offa Grammar School sílẹ̀. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ṣe: wọ́n yan iṣẹ́ kan pàtó, wọ́n sì ń dáwó sí i títí tó fi yọrí.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà nínú ohun tójú àwọn oníṣòwò Yorùbá rí ní Ghana. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò, Ṣakí àti Ìgbẹ́tì ti ń tajà káàkiri ibẹ̀ kí orílẹ̀-èdè náà tó gbòmìnira, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ ìlú wọn níbẹ̀. Ní November 18, 1969, ìjọba Kofi Busia kéde pé àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó máa lọ. Ọ̀pọ̀ ló ta ọjà wọn ní ọ̀pọ̀, gbèsè táwọn oníbàárà jẹ wọ́n sì há sọ́hùn-ún. Ẹgbẹ́ lè kó èèyàn mọ́ra, àmọ́ kò lè rọ́pò ìwé.

Ẹni tó bá rò pé àwọn mẹ̀kúnnù nìkan ló nílò ìparapọ̀, kó wo Wharf Road. Nígbà tí títì náà bàjẹ́ débi pé tírélà ń sùn síbẹ̀, Dangote, Flour Mills àti àwọn aláṣẹ èbúté, NPA, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 2017 láti tún nǹkan bíi kìlómítà méjì ṣe, iṣẹ́ tí owó rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin náírà. Dangote àti Flour Mills ń bá ara wọn du ọjà nígbà náà. Síbẹ̀, nígbà tí títì fẹ́ pa òwò àwọn méjèèjì, wọ́n jọ dáwó ni.

Kí wá ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lè ṣe? Ká ní ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni 40 ń dá N2,000 lóṣù, N960,000 ni lọ́dún. Bí wọ́n bá ya ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sọ́tọ̀ fún òwò, N320,000 nìyẹn. Tí èèyàn mẹ́rin bá yá N80,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì dá a padà lóṣù mẹ́rin, èèyàn 12 ló máa rí i lò láàárín ọdún kan, owó náà á sì tún wà nílẹ̀.

Àwọn kan máa ní owó yíyá ló ń tú ẹgbẹ́ ká, pé ta ló máa mú ọmọ ìyá ẹ̀ lọ sí tọ́ọ̀ṣán. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Ìdí nìyẹn tí owó òwò kò fi gbọ́dọ̀ wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú owó òkú. Kó ní àkáǹtì tirẹ̀ ní báǹkì, kí ẹni tó fẹ́ yá a mú oníduro méjì wá nínú ẹgbẹ́, kí akápò sì máa ka ìwé ìṣirò sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn.

Ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kan ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, ìyẹn náà dáa. Ṣùgbọ́n òfin CAMA ti ọdún 2020 kò gba irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ láyè láti pín èrè fáwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló lè ṣe ìyẹn, ọ̀nà tí òfin sì ti là sílẹ̀ fún un láti ọdún 1935 ni. Kò dí ẹgbẹ́ ìlú lọ́wọ́: àwọn tó bá fẹ́ nínú wọn lè kóra jọ dá alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, kí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, kí ìpàdé Sánńdè sì máa lọ bó ṣe ń lọ.

Nípàdé tó ń bọ̀, kí akọ̀wé fi ọ̀rọ̀ owó òwò ṣáájú ọ̀rọ̀ aṣọ ọdún. Alààyè ló ń dáwó tí wọ́n fi ń sin òkú. Bí òwò alààyè bá kú, kò ní í sẹ́ni tó máa dáwó mọ́.