Àìdà Oúnjẹ àti Kòkòrò Inú Ikùn

Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí agbo ilé kan láàrin wa tí a kò ti ní bá àgbàlagbà kan tí oúnjẹ kì í dà nínú rẹ̀ bọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹun tán, inú rẹ̀ a kún, àyà a máa ta á, a sì máa gùfẹ̀ ṣáá. Bí a bá bi í léèrè, yóò ní ata ni, tàbí àníyàn, tàbí ọjọ́ orí. Yóò po kán-ún mu, yóò fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, ìnira náà tún dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó fi ogún ọdún gba irú ìyà yìí mọ́ra. Àwa ń wí pé sùúrù yìí kò yẹ, nítorí kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó wà.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn dókítà Òyìnbó pàápàá fi ń kọ́ni pé omi kíkan inú ikùn àti àníyàn ni ó ń dá ọgbẹ́ sí ikùn, àti pé kò sí kòkòrò tí ó lè gbé inú omi náà. Ní 1979, Robin Warren, dókítà kan ní ìlú Perth ní Ọsirélíà, rí kòkòrò lára ẹran tí a gé láti inú ikùn àwọn aláìsàn. Barry Marshall dara pọ̀ mọ́ ọn ní 1981. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń jiyàn, Marshall gbé omi tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀ mu ní 1984. Kò pẹ́ tí ó fi ń bì, a sì rí i pé inú ikùn rẹ̀ ti wú. Ní 2005 ni àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel. Helicobacter pylori ni orúkọ kòkòrò náà. Ó ń sọ omi kíkan tí ó yí i ká di aláìkan, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń yè.

Ẹlòmíràn lè wí pé àwọn baba wa ti sọ̀rọ̀ kòkòrò inú tipẹ́. Òtítọ́ ni; ṣùgbọ́n kí a má fi í yangàn. Kì í ṣe pé àwọn ọkùnrin wọ̀nyí sọ pé kòkòrò wà ni ó fún wọn ní iyì, bí kò ṣe pé wọ́n wá a, wọ́n rí i, wọ́n sì fi í han ẹni tí ń jiyàn.

Kì í ṣe gbogbo àìdà oúnjẹ ni ó ti ọwọ́ kòkòrò yìí wá. Ó súnmọ́ ìdajì aráyé tí ó gbé e sínú, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ ọ́n lára. Aspirin àti irú oògùn ara ríro bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú a máa dá ọgbẹ́ sí ikùn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń fẹ́ àyẹ̀wò, kì í ṣe àbá. A lè fi èémí tàbí ìgbẹ́ aláìsàn mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré: ní 1994 ni ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ ka kòkòrò yìí mọ́ àwọn ohun tí ń fa jẹjẹrẹ.

Bí a bá rí i, ó ní oògùn: oríṣi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ń pa kòkòrò, pẹ̀lú èyí tí ń dín omi kíkan kù, fún ọjọ́ 10 sí 14. Àwa kò fara mọ́ àṣà ríra hóró méjì lọ́wọ́ oníkiri. Ẹni tí ó lo ààbọ̀ oògùn, ogun jíjà ni ó kọ́ kòkòrò.

Ìgbà èwe ni kòkòrò yìí sábà máa ń wọ ni lára. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí omi ilé wa mọ́, kí a sì kọ́ àwọn ọmọ ní ọwọ́ fífọ̀. Ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, tí ń bì ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ń rù láìnídìí, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lónìí. Bí ẹ̀yin ìjòyè bá sì kọ́kọ́ lọ fún àyẹ̀wò, ará ilé yín kò ní ṣàìtẹ̀lé yín.